Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Owó Ṣe Ìpàdé Àdúgbò Nítorí Àwọn Tí Ọ̀daràn Ṣe Lọ́ṣẹ́, Kí Owó Náà Má Sì Tán Sórí Kánópì

Ibi méjì ni ìpàdé irú èyí ti sábà máa ń fọ́ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, wọ́n á kọ lẹ́tà ogún, wọ́n á pín in káàkiri ilé-iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní fèsì. Ìkejì, owó á wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ á tán lọ́jọ́ ìpàdé: kánópì, àga, ìrẹsì, omi inú ọ̀rá. Èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á túká. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹ sọ á wá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ ò sì ní ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ tí ẹ máa fi gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Alímọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Sátidé la ṣe ìpàdé wa. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, màmá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọjà dúró níwájú ilé mi, ó di ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ìwé pélébé tí a pín lánàá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ká a, ó ti tún un ká, títí ìwé náà fi rọ̀ bí aṣọ. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹ ní ká má wẹ̀ fún un. A ò wẹ̀ fún un o." Ìwé náà ló ní kí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ má wẹ̀ kó tó dé ilé ìwòsàn, kí ẹ̀rí má bàa nù. Mo ṣí àpò owó ẹgbẹ́, ₦1,350 ló kù níbẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wa dé ilé ìwòsàn ní Ìkejà, owó ọkọ̀ ẹni mẹ́ta ní àlọ nìkan ju ìyẹn lọ. Mo yá owó lọ́wọ́ aládùúgbò mi ká tó lè gbéra. Láti ọjọ́ yẹn, a kì í ṣètò ìpàdé kankan láì kọ́kọ́ ya owó kan sọ́tọ̀ tí à ń pè ní owó ọjọ́ kejì. Ìdí owó yẹn gan-an ni mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nìkan. Ẹni tí ọkọ ń lù wà níbẹ̀. Ẹni tó wọ ọkọ̀ wan-ṣáǹsì, ẹni tí olè já ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru, ẹni tí oníjìbìtì gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ìdílé tí ajínigbé gba owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn ni ìpàdé yìí wà fún.

## Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Èèyàn mẹ́ta tí àdúgbò gbẹ́kẹ̀ lé. Akápò kan, akọ̀wé kan, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó dúró ti àwọn tó bá wá fún ìrànwọ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì dára jù fún ipò kẹta yìí. Ẹ má fi alága sí i, nítorí gbogbo èèyàn ló mọ ilé alága, wọ́n á sì rí ẹni tó bá wọbẹ̀.

Àkáǹtì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, tí èèyàn méjì ń buwọ́ lù kí owó tó jáde. Àkáǹtì ara ẹni kò ṣeé lò, bó ti wù kí olóhun jẹ́ olóòótọ́ tó.

Orúkọ tí òfin mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, abẹ́ òfin wọn, CAMA ti 2020, ni wọ́n ti ń forúkọ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tèrè sílẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà, báńkì á tún béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífi owó ìwà ọ̀daràn pa mọ́, tó wà lábẹ́ EFCC. Bí àkókò ò bá sí fún gbogbo ìyẹn lọ́dún yìí, ẹ lọ sábẹ́ CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) yín tàbí ẹgbẹ́ mìíràn tó ti ní ìwé, kí ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ pé owó yìí ní ojú-ewé tirẹ̀ nínú ìṣirò wọn.

Ìwé ìṣirò kan (ìwé ọmọ ilé-ìwé olójú-ewé 80 tó), fáìlì kan fún rísíìtì, àti oṣù mẹ́rin. Èmi ò tíì rí ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é dáadáa.

## Ìpele 1: Ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò, ẹ má rò ó fún wọn

Ẹni tó máa fún yín lówó á béèrè pé kí lẹ fẹ́ ṣe. "Ìlanilọ́yẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ lọ bá ìyálọ́jà, ẹ lọ bá ẹni tó ní kẹ́mísì, alága àwọn ọlọ́kadà, ìmáàmù, pásítọ̀, olùkọ́ àgbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n: "Nígbà tí irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí èèyàn yín, kí ni ohun àkọ́kọ́ tó nílò tí kò rí?"

Ìdáhùn wọn máa yà yín lẹ́nu. Ìyá kan tó ń ta àǹkárá ní ọ̀dọ̀ wa sọ pé àwọn tó já fóònù òun gbà lójú títì kò bá òun nínú jẹ́ tó ohun tó tẹ̀ lé e. Síìmù tó wà nínú fóònù náà ni wọ́n fi wọ àkáǹtì rẹ̀, owó àjọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì lọ. Ó ní ká ní ẹnì kan sọ fún òun láàárín wákàtí kan pé kí òun pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí òun sì tún ní kí wọ́n ti síìmù náà pa, owó olówó kò ní bá a lọ. Nǹkan méjì péré, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún un. Ìyẹn wọ inú ìwé pélébé wa, òun ló sì wà lókè pátápátá.

Níbi tí èèyàn ti máa ń ṣìnà: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀. Ta ló ṣe é? Kí lo wọ̀? Aago mélòó ni? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tiyín, ó sì máa ń dọ́gbẹ́ tuntun sórí ti àtijọ́. Ẹ má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ lè kọ ohun tí àdúgbò yín ṣaláìní ní ìlà mẹ́ta, láì lo ọ̀rọ̀ bíi "ìlanilọ́yẹ̀" tàbí "ìfúnnilágbára"? Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ padà sọ́jà.

## Ìpele 2: Ẹ mú ọjọ́

Láti 25 oṣù Kọkànlá títí dé 10 oṣù Kejìlá, gbogbo ayé ló ń fi ọjọ́ 16 sọ̀rọ̀ lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń ní owó nílẹ̀ fún un. Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbogbo ẹgbẹ́ ló ń du owó kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn nínú oṣù Kẹjọ.

Ọ̀nà tó rọrùn jù lójú tèmi ni kí ẹ gun orí ìpàdé oṣooṣù CDA. Kánópì ti wà níbẹ̀, àga ti wà níbẹ̀, èèyàn ti jókòó. Ẹ gba wákàtí méjì lọ́wọ́ wọn. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọjà àti ọ̀sán Jímọ̀.

## Ìpele 3: Ẹ ṣe ètò ìnáwó, kí ẹ kọ́kọ́ yọ owó ọjọ́ kejì

Ibí ni kí ẹ ti lo ọpọlọ jù. Èyí ni ètò ìnáwó wa ti ọdún kan. Iye tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ọ̀dọ̀ wa, ẹ béèrè ti ọ̀dọ̀ yín:

- owó ọjọ́ kejì: ₦200,000
- ìwé pélébé 1,000 lédè mẹ́ta: ₦90,000
- kánópì àti àga: ₦80,000
- ọkọ̀ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn: ₦50,000
- àfikún bí ọjà bá wọ́n sí i: ₦50,000
- gbohùngbohùn: ₦45,000
- ọkọ̀ nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń túmọ̀ sí Haúsá: ₦30,000
- omi: ₦30,000
- epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ìpè: ₦25,000

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Ẹ wo òkè pátápátá: ìdá kan nínú mẹ́ta ni owó ọjọ́ kejì, òun la sì kọ́kọ́ kọ. Bí ẹ bá fi í sí ìsàlẹ̀, òun lẹ máa kọ́kọ́ gé nígbà tí owó ò bá pé. Ẹ kọ ọ́ sókè kí ojú tì yín láti fọwọ́ kàn án.

Kí la ń fi í ṣe? Ọkọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù. Mirabel Centre tó ti wà ní ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba Èkó, ní Ìkejà láti 2013, àti WARIF ní Yábàá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kò wúlò fún ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tí kì í jẹ́ kí àrùn HIV ràn kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó wọlé sára. Wákàtí 72 ni ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ ní alẹ́ Jímọ̀, tó sì ń wá owó ọkọ̀ kiri títí di Tuesday, ti pẹ́ jù.

Lẹ́yìn ọkọ̀: àgádágodo tuntun àti owó káfíńtà fún ẹni tí olè já ilẹ̀kùn rẹ̀, kó lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Síìmù tuntun. Ọkọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ẹ má fojú kéré èyí tó kẹ́yìn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ACJA ti 2015, fún ilé ẹjọ́ lágbára láti pàṣẹ kí ẹni tó jẹ̀bi san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó ṣe níkà. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí ò bá rí owó ọkọ̀ lọ sí ìjókòó kẹrin, ìkarùn-ún, ẹjọ́ á kú sójú ọ̀nà.

Ohun tí a kì í fi í ṣe: a kì í fi bẹ ẹnikẹ́ni kó "yanjú rẹ̀ nílé". A kì í fi sanwó kí wọ́n tó gba ẹ̀sùn sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí ọ̀fẹ́ ni kí aráàlú lọ fẹjọ́ sùn. A kì í sì í san owó ìdógò nítorí ọgbẹ́ ìbọn. Òfin kan wà láti 2017 tó ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bà lójú ẹsẹ̀, yálà ó mú owó ìdógò wá tàbí kò mú un wá, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ẹ tẹ ẹ̀dà òfin yẹn jáde, kí ẹ fi sínú fáìlì. A ti nílò rẹ̀ rí.

Níbi tí èèyàn ti máa ń ṣìnà: oúnjẹ. Ẹnì kan á sọ nínú ìgbìmọ̀ pé àwọn èèyàn kò ní wá láìsí ìrẹsì. Wọ́n á wá, bí ọ̀rọ̀ yín bá kàn wọ́n. Ìpàdé wa tí èèyàn pọ̀ sí jù, omi nìkan la pín. Ìkejì ni àpò ìwé olówó tí wọ́n máa ń há fún àwọn ẹni ńlá. Ẹ má fi í sínú ètò ìnáwó rárá. Ẹni ńlá tó bá nífẹ̀ẹ́ àdúgbò á wá.

Ohun tí ẹ bá lè rí yá, ẹ yá a. Àga ṣọ́ọ̀ṣì, gbohùngbohùn mọ́sálásí, ọgbà ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ iye tí ì bá ná yín sílẹ̀, kí ẹ kọ ẹni tó yá yín síwájú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fún yín lówó máa rí i pé àdúgbò ti gbé ẹrù tirẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ bu ètò ìnáwó yín sí méjì, bíi pé ìdajì owó nìkan ló wọlé. Ṣé owó ọjọ́ kejì ṣì wà níbẹ̀? Bí kò bá sí mọ́, ẹ tún un ṣe.

## Ìpele 4: Ẹ mọ ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé, kí ẹ sì tẹ̀ lé e bó ṣe tò

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. ₦500 lójúlé kan, ₦1,000 lọ́wọ́ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́jà. Kì í ṣe torí pé ó pọ̀, bí kò ṣe torí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olówó ìta máa bi yín ni pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, kí lẹ fi sílẹ̀?" Lọ́dọ̀ wa, màmá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn wà lára àwọn tó ń gba owó ọjà jọ báyìí. Ó ní kí a má sọ ìdí tí òun fi ń ṣe é fẹ́nikẹ́ni lọ́jà, a ò sì sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, àwọn oníṣòwò àdúgbò: kẹ́mísì, ilé búrẹ́dì, ilé-ìwé aládàáni, àwọn tó ń ta gáàsì. Wọ́n lè dá yín lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé ọ̀gá wà nílé. Ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gba oṣù méjì, mẹ́ta.

Káńsù yín lè má fún yín lówó, ṣùgbọ́n wọ́n lè fún yín ní gbọ̀ngàn. Ní Èkó, iléeṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2021. Ẹ kọ̀wé sí wọn fún olùbánisọ̀rọ̀ àti ìwé ìpolongo. Owó tí ẹ ò ná mọ́ lórí ìyẹn, owó tó wọlé ni.

Owó àwọn ilé aṣojú orílẹ̀-èdè míì náà wà. Kánádà ní owó kan tí wọ́n ń pè ní Canada Fund for Local Initiatives, tí ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ lè bèèrè fún nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Èyí kì í ṣe fún ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé CAC, kì í sì í ṣe ti ọdún àkọ́kọ́. Ẹ ṣe ìpàdé kan tàbí méjì pẹ̀lú owó ilé ná, kí ẹ ní ìṣirò tí ẹ lè fi hàn.

Àwọn ọmọ yín tó wà lókè òkun. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè dá owó ọjọ́ kejì nìkan, nítorí ọ̀rọ̀ náà yé wọn: ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́, síìmù. Ẹ má kàn sọ pé "ẹ ràn wá lọ́wọ́". Ẹ sọ pé ₦200,000 ló máa dúró fún gbogbo àdúgbò fún oṣù mẹ́ta. Kí owó náà wọ àkáǹtì ẹgbẹ́, kò gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà náà lè ṣe irú ìpàdé yìí níbi tí ẹ ń gbé. Owó tí ìjọba wọn yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́, èyí tí òfin VOCA ti 1984 dá sílẹ̀, inú ìtanràn tí àwọn ọ̀daràn ń san ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ti ń wá ní pàtàkì. Nínú oṣù Kẹrin ọdọọdún ni ọ̀sẹ̀ ẹ̀tọ́ àwọn tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́ máa ń wáyé, ó ti wà láti 1981. Wọ́n ní ètò kékeré kan tó ń ran ẹgbẹ́ àdúgbò lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ná owó yín, kí wọ́n tó dá a padà fún yín lórí rísíìtì. Níbi tí ẹgbẹ́ wa ti máa ń jìn sí kòtò nìyẹn: wọ́n á ra ọtí, wọ́n á sanwó fún olórin. Òfin owó ìjọba àpapọ̀ kò fọwọ́ sí méjèèjì, wọn kì í sì í dá a padà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo síta, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì láti ọwọ́ àdúgbò.

## Ìpele 5: Ẹ kọ lẹ́tà olójú-ewé kan, kí ẹ sì mú un lọ fúnra yín

Lẹ́tà tó sọ pé "ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn ràn wá lọ́wọ́" kì í bí ọmọ. Ẹni tó kà á kò mọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ béèrè ohun kan ní pàtó, kó jẹ́ ohun tí apá ẹni náà ká. Èyí ni lẹ́tà tí a kọ sí ilé búrẹ́dì kan, wọ́n sì sanwó náà láàárín ọjọ́ mẹ́fà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá, CDA wa máa ṣe ìpàdé wákàtí méjì ní ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lórí ohun tí èèyàn lè ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ tí olè bá jà á tàbí tí wọ́n bá ṣe ọmọ rẹ̀ níkà. À ń retí igba èèyàn. Àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ ₦600,000, àdúgbò ti dá ₦180,000 nínú rẹ̀. À ń bẹ̀ yín kí ẹ bá wa san ₦45,000 tí onígbohùngbohùn ń gbà. Ẹ lè san án fún un tààrà. A máa lẹ ìṣirò gbogbo owó mọ́ pátákó àdúgbò, a ó sì mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún yín láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìpàdé."

Ẹ wo gbólóhùn "ẹ lè san án fún un tààrà". Òun ló máa ń ṣí ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti lu ní jìbìtì rí.

Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n buwọ́ lu ọ̀kan pé àwọn ti gbà á, kí ẹ mú un padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ padà lọ. Ẹ má pe fóònù, ẹ lọ. Àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́ kan ni kó jọ lọ.

Níbi tí èèyàn ti máa ń ṣìnà jù: wọ́n á fi ìtàn ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ sínú lẹ́tà kí àánú lè ṣe olówó. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ní òpópónà wa..." Ní àdúgbò, ìyẹn ti tó kí gbogbo èèyàn mọ ọmọ náà. Ẹ ti fi ìtìjú rẹ̀ ra àga ìpàdé nìyẹn. Ẹ má ṣe é, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fún ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ ní lẹ́tà náà kó kà á. Kí ẹ gbà á padà, kí ẹ bi í pé èló la béèrè, fún kí ni. Bó bá ṣìyèméjì, ẹ tún un kọ.

## Ìpele 6: Ẹ gba owó, kí ẹ sì mọ èyí tí ẹ máa kọ̀

Gbogbo owó tó wọlé, èèyàn méjì ni kó kà á, kí wọ́n jọ buwọ́ lu ìwé ìṣirò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó fúnni ní ₦500 àti ẹni tó fúnni ní ₦50,000, rísíìtì kan náà ni kí wọ́n gbà. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ẹ lẹ àpapọ̀ rẹ̀ mọ́ pátákó, kí ẹ tún fi sórí WhatsApp àdúgbò.

Olóṣèlú á wá. Bó bá fẹ́ fi owó sílẹ̀ láì fi àwòrán ara rẹ̀ sára ohunkóhun, ẹ gbà á, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Bó bá ní àfi kí ojú òun wà lára pátákó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa lọ. Obìnrin tó ń sá fún ọkọ tó ń lù ú kò ní wọ ibi tó dà bí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú, pàápàá bí ọkọ rẹ̀ bá wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Owó kan wà tó léwu ju ìyẹn lọ. Lọ́dún kan, bàbá kan gbé ₦100,000 wá ní ìrọ̀lẹ́, owó tó lé ní ìdajì ohun tí gbogbo àdúgbò dá. Inú wa dùn. Ọjọ́ kejì la tó gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan ọmọ rẹ̀, àti pé ìdílé tó fẹ̀sùn kàn án ń bọ̀ níbi ìpàdé wa. A kó owó náà padà fún un lójú èèyàn mẹ́ta, a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó bínú, kò kí wa mọ́ fún ọdún kan. Ká ní a gbà á ni, ìdílé yẹn kò ní wá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* owó inú àkáǹtì, owó inú ìwé àti owó orí pátákó gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ₦200 bá yàtọ̀, ẹ wá a jáde kí ẹ tó gba owó mìíràn.

## Ìpele 7: Ọjọ́ ìpàdé

Ọ̀rọ̀ ibí kò pọ̀, bí ẹ bá ti ṣe ti ẹ̀yìn dáadáa. Wákàtí méjì tó. Ẹ má pe ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ jáde pé kó wá jẹ́rìí, àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá bẹ̀ yín, tó sì ti dàgbà. Ti ọmọdé, rárá. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 kò fàyè gba kí ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán èèyàn kiri láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀, nítorí náà ẹ sọ ọ́ látorí gbohùngbohùn pé kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò àwọn tó jókòó.

Ẹ gbé nọ́ọ̀sì yín sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń pín omi. Gbogbo èèyàn ló máa ń lọ gba omi, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó lọ béèrè ọ̀rọ̀.

Ìwé pélébé: kó kéré tó bí ìwọ̀n káàdì síìmù tí wọn ò tíì gé, kí èèyàn lè fi í sínú pọ́ọ̀sì tàbí sábẹ́ ìborùn. Kí ó wà ní Yorùbá, Haúsá àti Pijin. Ohun márùn-ún ni kó wà níbẹ̀: ẹ ti àkáǹtì àti síìmù pa, ẹ má wẹ̀, ẹ má fọ aṣọ náà, ẹ dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, àti nọ́ńbà. Ní Èkó, 112 ni ti pàjáwìrì, 08000333333 ni ti DSVA, ọ̀fẹ́ ni. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kí ẹ gbọ́ ohùn èèyàn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nígbà tí wọ́n bá túká, ẹ wo ilẹ̀. Bí ìwé pélébé bá kún ilẹ̀, ó tóbi jù tàbí kò yé wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n mú un lọ sílé.

## Ìpele 8: Ọjọ́ kejì, àti ìṣirò

Kí fóònù kan wà ní títàn láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán. Ẹni kẹta yẹn, nọ́ọ̀sì yín, ló ń gbé e. Òfin wa lórí owó náà rọrùn: títí dé ₦20,000, nọ́ọ̀sì àti akápò lè fọwọ́ sí i láàárín wákàtí kan, láì pe ìpàdé. Ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, akọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Kò sí ẹlòmíràn tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹni tó gbà á, títí kan alága, títí kan baálẹ̀.

Ẹ fi nọ́ńbà kọ ọ́ sínú ìwé. "Ẹni 1: ọkọ̀ lọ bọ̀ Ìkejà, èèyàn mẹ́ta. Ẹni 2: àgádágodo méjì, káfíńtà. Ẹni 3: síìmù." Ìwé kékeré mìíràn tó ní orúkọ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nìkan, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ibi tí èèyàn ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n á lẹ rísíìtì ilé ìwòsàn mọ́ pátákó kí aráyé lè rí i pé àwọn ò jí owó. Orúkọ wà lára rísíìtì. Ẹ bo orúkọ náà kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ mú ìṣirò olójú-ewé kan lọ fún gbogbo ẹni tó dáwó, bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó fúnni ní ₦500. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò sí i, ẹ ya ti tábìlì omi àti ti pátákó ìṣirò, ẹ má ya ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ iye èèyàn tó wá, iye tó pè, iye tí ẹ gbé dé ilé ìwòsàn, àti iye owó tó kù. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pè, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Owó tó kù nínú owó ọjọ́ kejì kì í lọ sí ètò mìíràn. Ó ń dúró síbẹ̀ títí oṣù mẹ́ta á fi pé, lẹ́yìn náà la ó gbé e bọ́ sí ti ọdún tó ń bọ̀, òun la ó sì kọ́kọ́ kọ sókè ètò ìnáwó náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ fún ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ ládùúgbò ní nọ́ńbà yín, kó pè yín ní aago márùn-ún ìdájí, kó ní òun nílò ọkọ̀ lọ sí Ìkejà. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tó gbà kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀.